Akoto Nìkan Kò Tó, Ẹsẹ̀ Ọlọ́kadà Náà Ń Fẹ́ Ààbò

Ẹ̀yin èèyàn wa yóò rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó (FRSC) bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto. Àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà ìkunlé. Ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Orí ni akoto ń dáàbò bò. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀? Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kadà bá ṣubú, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọlọ́kadà wa láti abúlé dé ìgboro: ṣòkòtò péńpé àti bàtà sílípáàsì ni. Bí wọ́n bá ṣubú, títì ọlọ́dà a bó wọn lórúnkún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ṣòkòtò jíǹsì ti tó. Kò tó. Òótọ́ ni pé ó sàn ju péńpé lọ, àmọ́ kíá ni jíǹsì lásán máa ń ya bí ọ̀dà bá ń wọ́ èèyàn nílẹ̀. Èyí tí àwọn tó ń gun alùpùpù ń rà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òwú bíi Kevlar, èyí tí Stephanie Kwolek ṣàwárí nílé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1965. Òwú yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù ayẹta. Wọ́n tún ń fi tìmùtìmù líle sí orúnkún àti ìbàdí.

Lóòótọ́, owó rẹ̀ ju agbára ọlọ́kadà abúlé lọ, ooru ilẹ̀ wa náà sì ń kọ́? Ṣùgbọ́n àwọn télọ̀ wa mọ iṣẹ́. Wọ́n lè rán jíǹsì tó nípọn, kí wọ́n fi aṣọ kún orúnkún àti ìdí rẹ̀. Kò ní lágbára tó ti òkè òkun, ṣùgbọ́n yóò sàn ju péńpé lọ.

Èrò wa ni pé kí ìjọba àpapọ̀ dín owó ibodè orí aṣọ ààbò kù. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà náà yọ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́, kí wọ́n fi ra ṣòkòtò fún ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra ọ̀kadà fún ọmọ, ẹ ra ṣòkòtò àti bàtà gidi mọ́ ọn.

Owó tí a ó fi to eegun ju owó ṣòkòtò lọ. Ìdènà sàn ju ìwòsàn.