Ìdaṣẹ́sílẹ̀ Àwọn Ọmọ Iléèwé: Kí Ló Kan Àwa Òṣìṣẹ́ Níbẹ̀?

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, nígbà tí a ti sọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tán, tí àwọn kan tilẹ̀ ti ń wọ bàtà wọn láti máa lọ, bàbá kan láàrin wa tó ti ń wa tírélà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún dìde, ó ní òun ní ẹjọ́ kan láti rò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní iléèwé girama ló ti iléèwé dé, ó kúnlẹ̀ kí i tán, ó wá ní, "Bàbá mi, wọ́n kọ́ wa lónìí pé èéfín irú ọkọ̀ tí ẹ ń wà wà lára ohun tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, tó sì ń pa àwọn ẹ̀dá inú igbó run. Ṣé ẹ ò lè bá àwọn ọ̀gá yín sọ ọ́ ni?" Bàbá ní inú bí òun, òun sì dá a lóhùn pé èéfín yẹn náà ló ń san owó iléèwé rẹ̀. Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti ń jẹ òun lọ́kàn, òun sì fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ ní í sọ sí i.

Ohun tí a ní í sọ sí i ni pé ọmọ kò jẹ̀bi, bàbá kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí gan-an kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Bàbá kọ́ ló ra tírélà náà ní tòkunbọ̀, òun kọ́ ló sì ní kí wọ́n má pààrọ̀ nọ́sùlù rẹ̀ láti ọdún yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan tí ń jẹ́ Greta Thunberg kò lọ sí iléèwé ní ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn. Iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló lọ jókòó sí, ó gbé pátákó kan ti ara rẹ̀, ó kọ ọ́ sí i pé òun dá iléèwé sílẹ̀ nítorí ojú ọjọ́. Ó ń jókòó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ iléèwé títí wọ́n fi dìbò ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ di ọjọọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi di ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ọmọ iléèwé tó tú sí ìgboro lọ́jọ́ kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù kan lọ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Nílé wa níbí, Adenike Oladosu, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ìlú Makurdi, gba ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọrùn, pàápàá ọ̀rọ̀ adágún Chad tí omi rẹ̀ ti fà sẹ́yìn mọ́ apẹja àti àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan láàrin wa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ni ọmọ iléèwé ní tí yóò fi máa daṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò yọ owó rẹ̀ ní ìparí oṣù? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ tí ebi kò pa á kò tíì mọ gbogbo adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ọmọ náà mú, orúkọ tiwa ni. Òun rí i pé nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́, ohun tó kù ni pé kí ènìyàn dáwọ́ ohun tí wọ́n gbójú lé e fún dúró. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni ayé ti kọ́ ìyẹn.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iléèwé àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ forí gbárí. Igbó kan wà lẹ́bàá ìlú Cologne tí wọ́n ń pè ní igbó Hambach. Àwọn igi àtọjọ́mọ́jọ́ ló wà níbẹ̀, irú àdán kékeré kan tó ṣọ̀wọ́n sì ń gbé inú ihò wọn. Ṣùgbọ́n èédú wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, láti ọdún 1978 ni wọ́n sì ti ń wà á, tí igbó ń tán lọ. Àwọn ọ̀dọ́ gun orí igi tó kù, wọ́n kọ́ ahéré sórí rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2018 wọ́n kọ̀ wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù nítorí àdán yẹn, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá kóòtù sì ní kí wọ́n dá igi gígé dúró ná.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ èédú tú jáde ní agbègbè náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ló pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n wá gbèjà. A kò ní í purọ́ fún yín: bí àwa bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àárín wọn ni à bá wà. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá sọ fún pé kí iṣẹ́ rẹ̀ parí nítorí àdán, kí ni yóò rò?

Ní ìparí ọdún yẹn ni àwọn ọmọ iléèwé Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíláàsì sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí iná èédú parí ní ọdún 2030. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, Christian Lindner, sọ ní oṣù kẹta ọdún 2019 pé ọ̀rọ̀ náà ju àwọn ọmọdé lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọṣẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní 23,000 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ọmọ náà ń sọ òótọ́. Ẹ̀yin ará, ta ni kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ Lindner yìí rí? Bí a bá ní kí àwọn ọ̀gá ṣí ìwé owó ilé iṣẹ́ kí á rí i, wọn a ní ìṣirò ni, kò lè yé wa, kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ èédú? Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ aláàbò àyíká wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà jókòó síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 wọ́n fẹnu kò pé iná èédú yóò parí ní ọdún 2038, ó pẹ́ jù, kí igbó Hambach tó ṣẹ́kù dúró, kí ìjọba sì ná 40 bílíọ̀nù owó euro sí àwọn agbègbè tí èédú ń bọ́. Nígbà tí òfin jáde ní ọdún 2020, ó wà nínú ètò rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ èédú tó bá ti pé ọmọ ọdún 58 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa gba owó ìjọba títí di ọdún márùn-ún, kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 58 yẹn kò ti inú ìwé ọmọ iléèwé kankan wá. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló jà fún un, nítorí pé wọ́n ní àga nínú yàrá náà.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a fojú rí nílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti fòfin de ike funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó ń dí gọ́tà ni, ẹni tó bá ti wọ́ mọ́tò nínú àgbàrá Èkó rí kò ní í bá ìjọba jiyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún àwọn oníṣòwò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ta ọjà ọwọ́ wọn tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ọjà! Àwọn ọwọ́ tó ń yí ẹ̀rọ tó ń ṣe ike náà ńkọ́? A dẹtí sílẹ̀ títí, a ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn. Bí ọ̀rọ̀ àyíká ṣe máa ń rí nìyẹn bí òṣìṣẹ́ kò bá sí nínú yàrá.

Ó wá ku apá tó kan ẹ̀yin awakọ̀ jù lọ. Ní oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ọdún 2022, ìjọba Jámánì ta tíkẹ́ẹ̀tì kan ní euro 9 péré, tí ènìyàn fi lè wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ìgboro fún odindi oṣù kan. Tíkẹ́ẹ̀tì tó tó mílíọ̀nù 52 ni wọ́n tà. Èrò kún ọkọ̀ fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kan náà ló wà lórí ìjókòó, owó kan náà, ìsinmi kan náà. Àwọn ọmọ iléèwé àti akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i ṣáájú pé bí a bá fẹ́ kí ènìyàn fi mọ́tò sílẹ̀ kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò wa bọ́ọ̀sì náà, àti pé kò sí ẹni tí yóò dúró sẹ́nu iṣẹ́ tí kò tó ó jẹ. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń lọ bá àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, tí wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń jẹ́ ver.di ṣe pọ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn awakọ̀ ní ìpínlẹ̀ 6 ní Jámánì ṣe ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìkìlọ̀, ọjọ́ náà gan-an sì ni àwọn ọmọ iléèwé jáde nítorí ojú ọjọ́. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Òfin Jámánì kò gba òṣìṣẹ́ láyè láti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohun tí ìjọba ń ṣe. Ohun tí ẹgbẹ́ lè bá agbanisíṣẹ́ kọ sínú ìwé àdéhùn nìkan ni. Nítorí náà, ìwé àwọn awakọ̀ kò dárúkọ ojú ọjọ́: ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n fi kún owó wọn, kí ó má sì dín ní euro 500. Ìwé àwọn ọmọ kò dárúkọ owó oṣù wọn náà. Ọjọ́ kan, òpópónà kan, ìwé méjì. Ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ fìbínú sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń da òṣèlú pọ̀ mọ́ owó ọ̀yà, ó ti ń kọjá àyè rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá ń bínú báyìí, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀bẹ ti kan egungun.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n tún ṣe é. Lọ́dún náà àwọn òṣìṣẹ́ bí 90,000 ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgboro tó lé ní 130 ló ń dúnàádúrà, ìsinmi tó tó àti wákàtí iṣẹ́ tó dín kù sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Àwọn ọmọ náà ń wọ inú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń gba ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́ èrò fún àwọn awakọ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé: lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì kò bá ṣiṣẹ́, ṣé kì í ṣe pé gbogbo ayé á gbé mọ́tò tiwọn jáde, tí èéfín á tún pọ̀ sí i? Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí awakọ̀ bá ti ń sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí owó tí kò tó, bọ́ọ̀sì á dín kù lójoojúmọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ kan.

Àwọn ọmọ iléèwé náà ní àléébù tiwọn o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ilé tó rọ̀ṣọ̀mù wá, wọ́n sì lè máa rò pé awakọ̀ fẹ́ràn èéfín. Ta ló ń kọ́kọ́ fa èéfín náà sínú, bí kì í ṣe awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀? Ta ló ń ti ilé iṣẹ́ ìpọ́nfọ́ dé tó ń húkọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé wọn ò mọ̀ kí àwa náà sì jókòó sílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti fẹnu kò sí nǹkan méjì. Èkíní, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, àtúnṣe ẹ́ńjìnnì tó ń rú èéfín yóò wà nínú ìwé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù, a ó sì kọ ọ́ pé olówó ọkọ̀ ni yóò san án, kì í ṣe awakọ̀. Èkejì, a ó pe àwọn ọmọ iléèwé girama tó wà ní àdúgbò wa wá sí gáréèjì ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n sọ tiwọn, kí wọ́n gbọ́ tiwa, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn wo abẹ́ tírélà. Bàbá tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ti ní ọmọ òun ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí. Omi àti búrẹ́dì wà, ṣùgbọ́n kí kálukú mú àga tirẹ̀ wá.