Eré Jíjìn àti Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Bwari, nígbà tí Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba ipò kìíní ní àgbáyé nínú eré fífò lórí igi ní 2022, gbogbo wa ni a jó. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré kúkúrú nìyẹn, eré jíjìn ńkọ́? Ní 2018, ní ìlú Tampere ní Finland, Beatrice Chebet, ọmọ ọdún 18 láti Kẹ́ńyà, gba wúrà 5,000 mítà nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún. Ìyípo pápá méjìlá àti ààbọ̀! Ní Paris ní 2024, wúrà méjì ni ó gbé lọ sílé.

Àwọn kan yóò wí pé orí òkè gíga ni wọ́n bí i sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkè nìkan kọ́ ni ó ń sáré. Níbi tiwa, bí ilé ìwé bá ti jáde, ọmọkùnrin a lọ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọbìnrin a lọ jókòó ti ọjà ìyá rẹ̀. Bí ó bá sáré ní òwúrọ̀, a ó máa bi í pé kí ni ó ń lé e.

Àwa ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó oṣù ra bàtà kánfáàsì fún àwọn tó bá fẹ́ sáré, kí àgbà obìnrin méjì sì máa bá wọn jáde ní ìdájí Sátidé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ ọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀.