Ìlẹ̀kùn Tí A Tì àti Ẹrù Tí A Fi Òfin Dè

Bí olùkọ́ bá fún ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi close, ban, prevent, exclude àti forbid láti túmọ̀, kì í pẹ́ tí ọmọ náà yóò fi kọ “dá dúró” sí iwájú gbogbo wọn, tí yóò sì gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan a tilẹ̀ máa gbè é lẹ́yìn, wọn a ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. Irọ́ gbáà ni. Ìkánjú ni ó ń ṣe ọmọ náà, kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí ó gba Ìjànikin kọjá tó láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Láti Èkó ni ó ti wá, ó gba Òkókomáìkò, ó kọjá ní Ìjànikin, ó dé Àgbádárìgì, ó sì parí sí ibodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti pààlà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ pa. Close nìyẹn. Ohun tí a tì ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tí ó tì í ni yóò sì ṣí i. Ìlẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ojú kan náà ni ó fi ń wo ẹrù rere àti ẹrù fàyàwọ́.

Ti ìrẹsì yàtọ̀. Láti ọdún 2016 ni àwọn aṣọ́bodè ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba orí ilẹ̀ kó ìrẹsì òkèèrè wọlé mọ́. Ban ni èyí, kíkéde ni ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyekan rẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìkéde ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní. Yorùbá ní “fi òfin dè”. Ẹrù ni a fi okùn òfin dè. Kò kan ìlẹ̀kùn rárá.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti ibodè mẹ́ta mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìrẹsì sílẹ̀ nínú àṣẹ náà: òfin tí ó dè é kò tú. Exclude nìyẹn. Ẹ wá wo ìyá oníṣòwò kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ rẹ̀ ka ìwé ìròyìn fún ní ọjọ́ náà, tí ó sì wí pé, “Ìyá mi, ohun tí ìjọba dá dúró, wọ́n ti ṣí i o.” Ìyá gbé owó àjọ rẹ̀, ó di Kútọnu, ó ra ìrẹsì. Kí ó tó padà dé Ìjànikin, àwọn aṣọ́bodè ti dènà dè é, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀bẹ̀ pé ṣebí ibodè ti ṣí, òtítọ́ ni ó sọ, kò sì ní í gba ìrẹsì náà padà.

Ọ̀rọ̀ dídènà yìí dùn púpọ̀. Prevent, láti inú èdè Látìnì, ni kí ènìyàn ṣáájú ẹlòmíràn dé ibi tí ó ń lọ. Dènà, ẹ̀wẹ̀, ni kí a dè é ní ọ̀nà. Àwọn ará Róòmù àti àwọn baba wa kò pàdé rí, síbẹ̀ ọ̀nà ni àwọn méjèèjì wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Forbid ni ó kù, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti pè ní èèwọ̀ níbi gbogbo. Bí òbí tàbí ọ̀gá bá ní kí a má ṣe nǹkan, ó kọ̀ ọ́ fún wa ni. Èèwọ̀ kì í ti ọ́fíìsì jáde. Ìrẹsì kan náà tí aṣọ́bodè gbà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ìbá gba ojú omi Àpápá wọlé, kí a sì san owó ibodè lé e lórí, ẹnikẹ́ni kì bá tí mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbín jẹ́ èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ kò ní í jẹ ẹ́ nítorí pé ó gba Àpápá wọlé.