Ta Ní Ń Lé Wọn Tí Wọ́n Fi Ń Sá Ṣègbéyàwó?

Àṣà kan ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ àárín àwọn ọ̀dọ́. Ọkùnrin àti obìnrin yóò wá etí odò kan, wọn yóò di òdòdó tútù mọ́ òdòdó gbígbẹ, wọn yóò pe ayàwòrán kan ṣoṣo, wọn yóò sì ṣègbéyàwó láìjẹ́ kí ìyá àti bàbá gbọ́. Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń fẹ́ ẹ sí, torí pé ìgbà náà ni ewé igi máa ń pọ́n kó tó já ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Ajégúnlẹ̀ ti Kòsọ́fẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí oṣù kẹwàá ń ṣe níbẹ̀. Àkókò yìí ni odò Ògùn máa ń kún, tí wọ́n sì máa ń tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọyán lápá Abẹ́òkúta. Ajégúnlẹ̀ àti Owódé Ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ibi tí omi náà ń gbà kọjá sínú ọ̀sà. Àwọn ará àdúgbò ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé ẹnu ọ̀nà ilé ara wọn rí. Òdòdó wo ni yóò gbẹ nínú irú ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀? Ọyẹ́ ni ìwọ́wé tiwa.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ẹjọ́ rò. Àgbà ló ń lé wọn. Bàbá tó ní dandan ni kí wọ́n gba gbọ̀ngàn ń lé wọn. Ìyá tó ti ṣèlérí aṣọ ẹbí fún ẹgbẹ́ ọjà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè iye tó wà lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó ń lé wọn. Gbèsè ọjọ́ kan ni tọkọtaya yóò máa san títí ọmọ yóò fi wọ ilé ìwé, àwọn tó jẹ ìrẹsì náà kò sì ní í bá wọn san kọ́bọ̀.

Ìdána kò béèrè gbọ̀ngàn. Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, iṣu, ẹja: èyí tútù, èyí gbígbẹ. Ẹni tó bá tètè jí lọ sí ọjà Mile 12 yóò rí púpọ̀ nínú wọn kó tó di ọ̀sán. Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbọ̀ngàn pa, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní Èkó ló ṣègbéyàwó níwájú èèyàn díẹ̀. Ta ló sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó?

Ìkọ̀kọ̀ ni ìjà wà. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà pàápàá ní kí wọ́n fi ìfẹ́ wọn tó ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ létí, kí ọjọ́ 21 kọjá, kí ẹlẹ́rìí 2 dúró, kó sì jẹ́ ní ọ́fíìsì náà tàbí ilé ìjọsìn tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é létí odò yóò gba àkànṣe ìwé àṣẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n kàn ya fọ́tò ni.

Ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni wàhálà rẹ̀ ń jáde. Ẹbí ọkọ yóò bi opó léèrè ẹni tó tọrọ rẹ̀ àti ẹni tó gba owó orí rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, tí kò sì sí àgbà kankan tó jẹ obì níjọ́ náà, fóònù ni yóò nà sí wọn, kí wọ́n wo òdòdó.