Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Àlejò?

Ṣé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló bá Jámánì jà nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ Faransé? Irọ́ gbáà ni!

Addi Bâ, ọmọ Gínì, sójà tí Jámánì mú lójú ogun ní 1940, sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì kó àwọn ajàjàgbara jọ nínú igbó Vosges. Wọ́n yìnbọn pa á ní December 18, 1943. Missak Manouchian, ọmọ Armenia tí ìpakúpa sọ di aláìnílé, bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó di ọmọ Faransé, wọn ò gbà. Síbẹ̀ ó jà. Wọ́n yìnbọn pa òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 21 ní February 21, 1944. Jámánì tún lẹ àwòrán wọn mọ́ ògiri, wọ́n ní àlejò ọ̀daràn ni wọ́n.

Faransé ńkọ́? 2003 ni wọ́n tó fi àmì ẹ̀yẹ dá Addi Bâ lọ́lá. 2024 ni wọ́n tó gbé Manouchian wọ Panthéon, ilé àwọn akọni wọn. Ọgọ́rin ọdún!

Ẹ gbọ́ o: lójú ogun, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ọlá ni wọ́n ń rántí pé àlejò ni ọ́. Ẹni tó kú fún ìlú ti di ọmọ ìlú. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín.