Ẹni Tí Ogun Lé Dé Kì í Ṣe Àlejò Ọjọ́ Kan

Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sá kúrò nílé bá délẹ̀ ní Nàìjíríà, aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun tó wà láàárín Líbíà àti Ítálì ni ọkàn àwọn ènìyàn máa ń lọ. Ọmọ Nàìjíríà tó ń jáde lọ ni gbogbo ẹnu ń ròyìn. Ẹni tó ń wọlé bọ̀ kì í sábà wọ inú ìjíròrò náà. Síbẹ̀, láti ìparí ọdún 2017 ni ogun ti ń lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé la igbó àti odò kọjá láti Kamẹrúùn wọ ìpínlẹ̀ Cross River, Benue, Taraba àti Akwa Ibom. Àwọn tí àjọ UNHCR ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ti ju 70,000 lọ, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìbéèrè tó wà níwájú ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe bóyá kí Nàìjíríà gbà wọ́n. Ó ti gbà wọ́n. Ohun tó kù láti dáhùn ni irú ìgbésí ayé tí wọn yóò máa gbé níwọ̀n ìgbà tí ogun tó lé wọn kò tíì parí.

Ogun yìí kò jìnnà sí ìtàn Nàìjíríà rárá. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ṣàkóso apá Kamẹrúùn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣojú rẹ̀ sì ti jókòó rí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlà-Oòrùn ní Enugu. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1961, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣètò ìdìbò. Apá Àríwá yàn láti dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Apá Gúúsù yàn láti bá Kamẹrúùn tó ń sọ èdè Faransé lọ, pẹ̀lú àdéhùn pé apá kọ̀ọ̀kan yóò ní ìjọba tirẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 1972, wọ́n pa ètò náà rẹ́. Nígbà tó di ìparí 2016, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn olùkọ́ fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn adájọ́ àti olùkọ́ tí wọ́n fi Faransé kọ́ ni ìjọba ń kó wá sí ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn. Agbára ni ìjọba fi dá wọn lóhùn, ó sì gé íntánẹ́ẹ̀tì agbègbè náà fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ajìjàgbara kéde orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní Ambazonia. Láti ìgbà náà, ìbọn ló ń sọ̀rọ̀.

Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń jìyà. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n pa ènìyàn tó ju 20 lọ ní abúlé Ngarbuh, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ìjọba Kamẹrúùn fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn pé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun òun wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kumba, wọ́n sì pa ọmọ méje nínú kíláàsì. Àwọn ajìjàgbara ti fi òfin de ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún púpọ̀. Òbí tó bá rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù wọn, èyí tó bá sì fi ọmọ sílé ń bẹ̀rù kí àwọn sójà má pè é ní alátìlẹ́yìn wọn. Baba àti ìyá tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́ kankan tí wọ́n lè bọ́ sí àfi kí wọ́n kó ọmọ wọn kí wọ́n sì sá.

Ìdílé tó sá báyìí kì í ráyè di ẹrù. Ilẹ̀ kòkó, ilé, ìwé ẹ̀rí, gbogbo rẹ̀ ló ń kù sẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ olùkọ́ ní Mamfe yóò di alágbàro ní Ikom; ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ yóò máa gbé ẹrù ẹlẹ́rù lọ́jà. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ pàdé wọn, bí kò ṣe àwọn ará abúlé. Ejagham àti Boki wà ní ìhà méjèèjì ààlà náà, nítorí náà ẹni tó sọdá ń bá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ pàdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Adagom àti Okende ní Ogoja, àti ní Ikyogen ní Kwande. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí ní ibùdó. Yàrá onílé ni wọ́n wà, kànga kan náà ni àwọn àti onílé ń pọn. Owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn àjọ àgbáyé ń fún wọn kò fìgbà kan tó, àti láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti gé owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní 2025, ó hàn gbangba pé kò sí ẹni tó lè fi ọrẹ àánú gbọ́ bùkátà ìdílé títí ayé.

Òfin kò ṣófo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti 1951 àti ti ilẹ̀ Áfíríkà ti 1969 lórí ogunléndé, ó sì ti ní òfin tirẹ̀ láti 1989. Ìlànà tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ogunléndé padà sí ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Ìjọba àpapọ̀ ti rú ìlànà yìí rí. Ní oṣù Kínní ọdún 2018, wọ́n mú àwọn aṣáájú Ambazonia ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Abuja, wọ́n sì fa ènìyàn 47 lé Kamẹrúùn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ pé mímú tí wọ́n mú wọn àti lílé tí wọ́n lé wọn kò bá òfin mu. Nígbà yẹn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní oṣù Kẹjọ, ilé ẹjọ́ ológun ní Yaoundé rán mẹ́wàá nínú wọn ní ẹ̀wọ̀n gbére.

Fún ìdílé tí kò bá ti òṣèlú rìn, ewu tirẹ̀ rọra ń jẹun wọlé ni. Orí 25 ìwé òfin 1999 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà kì í di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí àfi bí òbí tàbí òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí 27 sì béèrè ọdún 15 lọ́wọ́ àlejò tó bá fẹ́ di ọmọ onílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Adagom ní 2018 yóò pé ọdún 15 ní 2033. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, ó lè dàgbà láì ní ìlú tó mọ̀ àfi Ogoja, kí Ogoja má sì mọ̀ ọ́n ní ọmọ.

Nàìjíríà ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí ogun Làìbéríà bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 1989, Orù-Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn gba àwọn ará Làìbéríà, lẹ́yìn náà àwọn ará Sierra Leone. Ní 2007, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè náà àti ECOWAS pé ẹni tí kò bá fẹ́ padà lè gba ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìgbélùú, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kamẹrúùn kò sí nínú ECOWAS, nítorí náà ọ̀nà yẹn kò ṣí fún àwọn ará rẹ̀. Àfi kí ìjọba dìídì la ọ̀nà tiwọn.

Àwọn tó ń ṣàríwísí ní ẹjọ́ tó yẹ kí a gbọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìfilélẹ̀ Bakassi lé kúrò nílé ní 2008 ṣì ń retí ìlérí ìjọba ní Cross River. Benue ní àwọn ará tirẹ̀ tí ìkọlù lé sí ibùdó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn agbébọn láti Kamẹrúùn kọlu abúlé Manga ní Takum, wọ́n sì pa ènìyàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi ebi pa ará Mamfe kò kọ́ ilé fún ará Bakassi. Àjọ kan náà ni òfin fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lé lọ́wọ́. Bí ó bá kùnà fún ọ̀kan, kò lè ṣe rere fún èkejì. Ní ti ààbò, ẹni tó ní káàdì, nọ́ńbà NIN àti àdírẹ́sì ni ìjọba lè mọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kankan ló rọrùn fún agbébọn láti fi ara pamọ́ sáàárín wọn.

Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe kò le. Kí ó fún gbogbo ogunléndé tó ti forúkọ sílẹ̀ ní NIN, nítorí láìsí i kò sí SIM, kò sí àkáǹtì bánkì. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì wọn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko Ogoja àti Kwande sì nílò olùkọ́. Kí ó bá àwọn onílẹ̀ ṣe àdéhùn oko tó ní iye ọdún, kí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí wọ́n bá kọ́ sì jẹ́ ti onílé àti àlejò. Kí ó sì gbé ìwé àṣẹ ìgbélùú kalẹ̀ fún ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún.

Ọmọ Nàìjíríà náà wà ní ipò yìí ní òdìkejì ààlà. Àwọn ará Borno tí Boko Haram lé ń gbé ní ibùdó Minawao ní Àríwá Kamẹrúùn láti 2013. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá lé irú wọn padà, Nàìjíríà, Kamẹrúùn àti UNHCR fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kẹta ọdún 2017 pé ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ nìkan ni kí wọ́n dá padà, pẹ̀lú iyì. Ohun tí Abuja béèrè fún ọmọ rẹ̀ ní Minawao, kò yẹ kí ó fi du ọmọ ọlọ́mọ ní Adagom. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò padà lọ́jọ́ tí ogun bá tán. Títí di ọjọ́ náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ń san owó orí, tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé, èrè ló jẹ́ fún ìlú tó gbà á.