Agboolé àti Ojúlé: Ọ̀rọ̀ tí Ó Yẹ fún Àdírẹ́sì Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀-àyálò náà, àdírẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè fi ń pe nọ́ḿbà IP, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tí ó burú nínú yíyá ọ̀rọ̀ lò. Àwọn onímọ̀ gírámà ń lo fóníìmù àti ọ̀rọ̀-orúkọ pa pọ̀, kò sì sí èyí tí ó ṣe èkejì ní jàǹbá. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń bò mọ́lẹ̀.

Kí ènìyàn wo ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà bá dáwó ra router kan, tí wọ́n jọ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè rí i pé nọ́ḿbà kọ̀ǹpútà òun ni 192.168.1.4, kí ti ẹnì kejì jẹ́ 192.168.1.5. Síbẹ̀, bí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá bèèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan tí ó wà ní Amẹ́ríkà pé nọ́ḿbà wo ni òun rí, nọ́ḿbà kan náà ni yóò kà fún gbogbo wọn. Èwo wá ni àdírẹ́sì nínú méjèèjì? Olùkọ́ tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́nu kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Àìtó nọ́ḿbà ni ó bí ọ̀ràn yìí. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1981 kò fàyè gba ju nọ́ḿbà 4,294,967,296 lọ, iye yìí kò sì tó iye ènìyàn tí ó wà láyé lónìí, áńbọ̀sì iye ẹ̀rọ. Ní ọdún 1994 ni wọ́n tẹ àlàyé jáde nípa bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe lè fi nọ́ḿbà kan ṣoṣo jáde. Ní ọdún 1996, wọ́n ya àwọn nọ́ḿbà kan sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. Gbogbo èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168 wà lára wọn. Ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í rìn lójú pópó íntánẹ́ẹ̀tì.

Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ètò yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ìlú Ọ̀yọ́, ẹni tí ó bá ń wá ènìyàn ní àdúgbò àtijọ́ kì í kọ́kọ́ bèèrè yàrá. Agboolé ni yóò bèèrè. Bí ó bá débẹ̀ tán ni wọn yóò nawọ́ sí ojúlé ẹni náà fún un. Ojúlé kẹta wà nínú agboolé púpọ̀, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì wúlò fún àlejò tí kò bá mọ agboolé tí wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 192.168.1.4 rí. Nítorí náà, ó yẹ kí nọ́ḿbà tí ìta ń rí máa jẹ́ àdírẹ́sì agboolé, kí èyí tí router ń pín fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì máa jẹ́ àdírẹ́sì ojúlé.

Router fúnra rẹ̀ ni oníbodè. Bí iṣẹ́ bá ń jáde lọ, yóò kọ ojúlé tí ó ti wá sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi àdírẹ́sì agboolé rọ́pò rẹ̀. Bí èsì bá padà dé, àkọsílẹ̀ náà ni yóò wò kí ó tó mọ ẹni tí ó ni ín. (Oníbodè ayé àtijọ́ a máa gba owó, èyí kì í gbà, àfiwé kò sì ní láti bára mu délẹ̀délẹ̀.) Bí kọ̀ǹpútà méjì bá ń jẹ́ ojúlé kan náà, èsì yóò máa ṣìnà, íntánẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì yóò sì máa já lemọ́lemọ́. Ìdí nìyí tí ojúlé kò fi gbọdọ̀ papọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá inú kíláàsì. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ pé nọ́ḿbà IP dà bí ìtẹ̀ka, pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tọ́ka sí. Bí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà náà bá fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, agboolé nìkan ni ìta rí. Àkọsílẹ̀ oníbodè ilé kì í sì í pẹ́ parẹ́, àwọn márùn-ún tí ọwọ́ wọn mọ́ kò sì ní ohun tí wọn yóò fi gbèjà ara wọn. Òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2015 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì pa àkọsílẹ̀ tiwọn mọ́ fún ọdún 2, ṣùgbọ́n èyí kò kan ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ojúlé àti ojúlé.

Àwọn mìíràn lè fẹ́ àdírẹ́sì inú àti àdírẹ́sì ìta. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ọ̀pọ̀ ń gbé abẹ́ ẹyọ kan. Ìta gan-an kò sì dúró lójú kan, nítorí ilé-iṣẹ́ fóònù lè kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ḿbà kan, débi pé ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí nǹkan bí 50 kìlómítà wà láàárín wọn, lè jọ fi nọ́ḿbà kan jáde. Ó ṣeé pe ìyẹn ní àdírẹ́sì àdúgbò. Kò sí ohun tí ìta àti inú lè pè é.

Ẹlòmíràn yóò ní ìlànà tuntun tí ń jẹ́ IPv6, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1998, ti pèsè nọ́ḿbà tí ó tó fún ẹ̀rọ gbogbo, nítorí náà agboolé yóò di ohun àná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú nọ́ḿbà tuntun náà, apá ìṣáájú ni gbogbo ẹ̀rọ inú ilé kan jọ ń jẹ́, apá ìkẹyìn sì ni ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Agboolé ni ó ṣáájú, ojúlé ni ó tẹ̀ lé e.